Ẹni tó ń lọ sí Salvador ní Bahia: irú Yorùbá wo ló máa bá níbẹ̀?

Arìnnà_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Mo fẹ́ lọ sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì, láti ìparí oṣù kìíní títí di àárín oṣù kejì. Àwọn tí mo bi léèrè ń sọ pé ilé ni mò ń lọ: pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ lójú títì, pé àkàrà wà ní gbogbo ìkóríta, pé bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ mi báyìí, ilẹ̀kùn ilé òrìṣà á ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú náà dénú, ẹ jọ̀wọ́, èwo ló rí bẹ́ẹ̀, èwo ni kò rí bẹ́ẹ̀? Aṣọ wo ni kí n dì? Kí ni kí n mú lọ fún wọn? Kí ni mi ò gbọdọ̀ ṣe?

Olùkọ́_Nàgó

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ọ̀rọ̀ èdè ni kí a fi ṣáájú, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ já àlejò láti Nàìjíríà kulẹ̀.

Èdè Potogí ni Salvador ń sọ, lọ́jà, nínú bọ́ọ̀sì, nílé ìwòsàn, nílé òrìṣà pàápàá bí wọ́n bá ń tàkurọ̀sọ. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní nagô tàbí iorubá, wà nínú orin, nínú àdúrà, nínú oyè, nínú orúkọ oúnjẹ àti ohun èlò ìbọ. Ẹ ó rí ìyá àgbà tó lè kọrin Ṣàngó láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru, àmọ́ tí kò ní mọ ohun tí ẹ wí bí ẹ bá ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Ẹ má rò pé irọ́ ló pa nígbà tó sọ pé òun gbọ́ nagô. Èdè ìsìn ni lọ́dọ̀ wọn, bí Lárúbáwá ṣe jẹ́ fún ọ̀pọ̀ mùsùlùmí nílé wa.

Nítorí náà, ẹ kọ́ Potogí díẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Gẹ̀ẹ́sì kì í mú èèyàn rìn jìnnà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá àti lọ́dọ̀ àwọn afinimọ̀nà, agbára káká ni ẹ fi máa rí ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹ há gbólóhùn bí i ogún sórí: com licença láti tọrọ ọ̀nà, por favor fún ẹ jọ̀wọ́, obrigado bí ọkùnrin bá ń dúpẹ́, obrigada bí obìnrin bá ń dúpẹ́, quanto custa láti béèrè iye, posso tirar foto láti tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán. Ní ti ìwé kíkà, x wọn ni ṣ wa. Oxum ni Ọ̀ṣun, Xangô ni Ṣàngó, Exu ni Èṣù, axé ni àṣẹ. Bí ẹ bá ti di èyí mú, àkọlé ara ògiri àti orúkọ ilé òrìṣà kò ní ṣòro kà mọ́.

Ẹ ó tún pàdé àwọn tó kọ́ Yorùbá ní kíláàsì. Láti 1959 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Bahia ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà sílẹ̀, CEAO ni wọ́n ń pè é, Ebenezer Lasebikan láti Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni ní Yorùbá níbẹ̀. Bí irú wọn bá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ rọra sọ ọ́, ẹ má fi ẹ̀ka èdè ìlú yín yára mọ́ wọn lẹ́nu.

Nǹkan kan kù tó ṣe pàtàkì: kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ ti Áfíríkà níbẹ̀ ló jẹ́ ti Yorùbá. Ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà wọn, pín sí ohun tí wọ́n ń pè ní nação, orílẹ̀ tí ìsìn ilé kọ̀ọ̀kan ti wá. Ketu ló sún mọ́ wa jù. Jeje ti ọ̀dọ̀ àwọn Fọn àti Ewé wá, vodun ni wọ́n ń bọ. Angola ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà wá, inquice ni wọ́n ń pe tiwọn, èdè orin wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Àlejò tó bá wọ ilé Angola tó wá ń sọ pé Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ ti bú onílé lójú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Qual é a nação da casa?", ìyẹn, nação wo ni ilé yìí?

Ṣadé_Porto

Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí lé e: ẹ má rí aláwọ̀ dúdú kí ẹ kàn gbà pé olórìṣà ni. Ọmọ ìjọ Àgùdà pọ̀ ní Salvador, ọmọ ìjọ ajíhìnrere ń pọ̀ sí i, àwọn tí kò sí nínú ẹ̀sìn kankan náà wà. Bí ẹ bá bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ òrìṣà, inú rẹ̀ lè dùn, ó sì lè bí i. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la rí àwọn tó jẹ́ ti méjèèjì: wọ́n á lọ ṣe máàsì láàárọ̀, wọ́n á wà nílé òrìṣà lálẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, máàsì kan máa ń wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ láàárín ìlú, pẹ̀lú ìlù. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1704. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìlú náà ṣe pa nǹkan pọ̀, kó dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, torí àyè ìjókòó kì í pẹ́ tán.

Alásè_Àkúnlẹ̀ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká jẹun.

Acarajé ni àkàrà wọn, àmọ́ ẹni tó bá ń retí àkàrà òwúrọ̀ tí a fi ń mu ògì kò ní rí i. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn baiana, àwọn ìyá alákàrà, máa ń gbé àtẹ jáde, láti nǹkan bí agogo mẹ́rin lọ. Ẹ̀wà tí wọ́n bó tí wọ́n sì lọ̀ ni, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni wọ́n fi pò ó. Wọn kì í lọ ata mọ́ ọn. Epo pupa, dendê, ni wọ́n fi ń dín in, epo náà sì máa ń jìn nínú ìkòkò, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi pọ́n. Ó tóbi tó ìkúùkù. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á sì fi vatapá, caruru, tòmátò gígé àti edé gbígbẹ sí i láàárín.

Kí ó tó kó o fún yín, ìyá náà á béèrè pé quente tàbí frio. Kì í ṣe gbígbóná tàbí títutù ló ń bi yín. Ata ló ń sọ. Quente ni kó fi ata sí i, frio ni kó má fi sí i. Ẹni tó bá ní "frio" nítorí pé ó rò pé ó máa jó òun lẹ́nu á wá máa ṣe kàyéfì pé kò ta.

Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé tàbí ẹ̀pà gbọ́dọ̀ fetí sí èyí. Bí ẹ bá kàn sọ pé "sem camarão," láìsí edé, edé odidi tó wà lórí nìkan ni wọ́n máa yọ kúrò. Vatapá ní edé lílọ̀, ẹ̀pà àti kajú nínú, pẹ̀lú omi àgbọn. Caruru, tó jẹ́ ilá, ní edé lílọ̀ nínú pẹ̀lú. Ẹ sọ pé "sem camarão, sem vatapá, sem caruru," kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú tòmátò nìkan, láìfi ata sí i, torí edé sábà máa ń wà nínú ata náà. Bí àìsàn náà bá le, ẹ má jẹ ẹ́ rárá, torí ṣíbí kan náà ni wọ́n fi ń bu gbogbo rẹ̀.

Abará ni mọ́ínmọ́ín wọn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, ṣùgbọ́n epo pupa àti edé ti wà nínú rẹ̀. Acaçá ni ẹ̀kọ, àgbàdo funfun nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oúnjẹ òrìṣà ni jù lọ, ẹ lè má rí i lójú pópó. Amalá ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ilá tí wọ́n fi epo àti edé sè fún Ṣàngó ni, pàápàá ní ọjọ́rú. Èlùbọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ò sì ní rí iyán. Ohun tó máa tu ẹni tó fẹ́ràn òkèlè nínú ni pirão, ìyẹ̀fun gbágùúdá tí wọ́n fi omi ẹja rò títí ó fi dì; ó sún mọ́ ẹ̀bà gan-an. Farinha, ìyẹ̀fun gbágùúdá gbígbẹ tó wà lórí gbogbo tábìlì, kì í ṣe fún rírò, orí oúnjẹ ni wọ́n ń wọ́n ọn sí. Efó wà, ewé àti edé àti epo, ó dùn, ẹ wá a.

Ẹni tó bá ti jẹ frejon ní Popo Aguda l'Ékòó ní Ọjọ́ Ẹtì Rere á mọ ẹ̀wà àti omi àgbọn tí wọ́n ń pè ní feijão de leite ní Bahia lásìkò náà gan-an. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ti Bràsíìlì padà bọ̀, ló gbé e wá sílé.

Kí n tó gbàgbé: ìjọba Bràsíìlì ti kọ iṣẹ́ àwọn baiana alákàrà sílẹ̀ bí ogún orílẹ̀-èdè láti 2005. Iṣẹ́ náà ti ọ̀dọ̀ òrìṣà wá, aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn kì í ṣe aṣọ eré. Ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó na owó sí wọn.

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tèmi rèé. Tí mo bá wà níbi ọdún wọn, tí wọ́n ń kọ orin tí mo mọ̀ láti ilé, ṣé mo lè gbè é? Tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Ìtàpàríkà

Ẹ lè gbè é bí àwọn tó jókòó tì yín bá ń gbè é, kí ohùn yín má sì ga ju tiwọn lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ dá orin sílẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Orin, ìlù àti ijó so kọ́ra níbẹ̀: alabê tó ń darí ìlù ló mọ ìgbà tí orin kan ń wọlé, gbogbo orin ló sì ní ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ ti ba ìlù jẹ́ mọ́ ẹni tó ń jó lọ́wọ́. Èdè tó wà nínú orin náà ti pẹ́ ju ẹ̀kọ́ ìwé wa lọ, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ tí a ti gbàgbé nílé ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá to ọ̀rọ̀ ilé òrìṣà, terreiro, bó ṣe yẹ, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ti wúwo jù.

Ọdún gbangba, festa, nìkan ni àlejò ń lọ. Ètò inú yàrá kò sí fún yín, ẹ má béèrè rẹ̀. A kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ta tíkẹ́ẹ̀tì Candomblé fún yín, eré orí ìtàgé ni tàbí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé yín lọ ni ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ ilé náà, kó bá yín béèrè ọjọ́ àti wákàtí. Àwọn ilé tí òkìkí wọn kàn jù ni Casa Branca ní Avenida Vasco da Gama, tó jẹ́ ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí Bràsíìlì kà sí ogún orílẹ̀-èdè, ní 1984. Gantois ní Federação. Àti Ilê Axé Opô Afonjá ní São Gonçalo do Retiro, tí ìyálórìṣà Mãe (Ìyá) Aninha dá sílẹ̀ ní 1910. Ṣùgbọ́n ilé kéékèèké pọ̀ lọ súà, wọ́n sì máa ń gba àlejò pẹ̀lú sùúrù ju ilé ńlá tí èrò ti ń ya lù.

Aṣọ: funfun ni kí ẹ wọ̀, tàbí àwọ̀ tó rọlẹ̀. Dúdú kò dára rárá. Ọkùnrin, ṣòkòtò gígùn. Obìnrin, yẹ̀rì tó kọjá orúnkún, kí èjìká bò. Agbádá ńlá lè gbàyè mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, bùbá àti ṣòkòtò tó. Ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà sílẹ̀ nílé bí ẹ kò bá ṣe awo. Lọ́dọ̀ wọn, ìlẹ̀kẹ̀ ń sọ òrìṣà tó ni ẹni náà àti ipò tó wà, wọ́n á sì bi yín pé ta ló fún yín. Ìwérí obìnrin náà ń sọ ipò, nítorí náà ẹ má gbé gèlè gogoro wọlé.

Bí ẹ bá dé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ekede (olóyè obìnrin) tàbí ogã (olóyè ọkùnrin) yóò fi júwe ìjókòó. Ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, àní bí ẹ bá jẹ́ tọkọtaya. Ẹ má gba àárín gbọ̀ngàn kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n gbin àṣẹ ilé sí. Ẹ má fọwọ́ kan ìlù mẹ́ta tó wà níbẹ̀, rum, rumpi àti lé, àní bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Àyàn. Ìlù náà ń jẹun, ọwọ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án.

Padê, ìpèsè tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún Èṣù, ti máa ń wáyé kí àlejò tó dé. Lẹ́yìn náà ni xirê, níbi tí wọ́n ti ń kọrin fún òrìṣà kọ̀ọ̀kan, láti orí Ògún títí dé Òṣàálá. Nígbà tí òrìṣà bá gun èèyàn, wọ́n á mú un wọlé lọ wọ aṣọ, á tún padà jáde wá jó. Bí òrìṣà bá ń kọjá, ẹ dìde, ẹ la àtẹ́lẹwọ́ yín síwájú. Bó bá gbá yín mọ́ra, ẹ gbà; ẹ̀yin ẹ má lọ gbá a mọ́ra. Ó lè kọjá ọ̀gànjọ́ kó tó parí, oúnjẹ ló sì máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣètò ọkọ̀ ìpadàbọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí àwọn àdúgbò kan kì í rọrùn láti rí ọkọ̀ lóru, kò sì dáa kí àlejò máa dá rìn kiri.

Ìkíni: nílé Ketu, "motumbá" ni, ìdáhùn rẹ̀ ni "motumbá axé." Nílé Jeje, "kolofé." Nílé Angola, "mukuiu." Bí ẹ bá sì bá ìyá ilé pàdé, "a bênção, minha mãe" (ẹ súre fún mi, ìyá mi) tó. Ẹ má fi ewú orí díwọ̀n àgbà. Ọdún tí èèyàn ti ṣe òrìṣà ni wọ́n ń kà. Ọ̀dọ́mọdé tó ti ṣe ọdún méje tó sì ti san gbogbo ohun tó yẹ ni ebômi, arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lódún tó kọjá ni iaô, òun ló sì máa tọrọ ìbùkún lọ́wọ́ ọmọdé yẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ náà, òrìṣà tó ni orí ẹni ló ń pín in, bóyá akọ tàbí abo, kì í ṣe bóyá èèyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Nítorí náà bí ẹ bá rí ọkùnrin tó dojúbolẹ̀ tó ń yí sí ọ̀tún àti òsì, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ṣadé_Porto

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fẹ ọ̀rọ̀ fọ́tò náà lójú. Òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n_Ìtàpàríkà

Ẹ pa fóònù kí ẹ tó wọlé, ẹ tì í sápò, ó parí. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ lásán. Títí di 1976, ilé Candomblé ní Bahia gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó lè ṣọdún. Àwọn ọlọ́pàá ti kó ìlù àti ère wọn lọ rí. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan tẹ àwòrán ìyálórìṣà kan, Mãe Gilda, jáde láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ èébú sí i. Wọ́n tún wá kọlu ilé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní, ọdún 2000, ọjọ́ náà sì ni Bràsíìlì fi ṣe ọjọ́ ìgbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn, láti 2007. Ẹ ó wà níbẹ̀ láìpẹ́ sí ọjọ́ náà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sókè nínú gbọ̀ngàn, ohun tó máa rán wọn létí nìyẹn.

Àyánwálé

Lórí àsìkò. Ẹ yan ìgbà tó dáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà máa ń ti ilẹ̀kùn lásìkò Lẹ́ńtì. Bí Carnaval, àjọ̀dún ìgboro tó ń ṣáájú Lẹ́ńtì, bá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì lọ́dún tí ẹ ń lọ, ẹ wá ilé tí ẹ fẹ́ dé ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí ọdún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń bọ lọ́nà tí a kò ṣe nílé mọ́, kó lọ ní àkókò Corpus Christi, ọdún ìjọ Àgùdà kan. Ti Ṣàngó ní Opô Afonjá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù kẹfà.

Èyí tó máa bá yín níbẹ̀ ni ọjọ́ 2 oṣù kejì, ọdún Iemanjá ní Rio Vermelho. Yemọja wọn kì í ṣe ti odò Ògùn mọ́, òkun ló ni. Ilé àwọn apẹja ni wọ́n ti ń gba ẹ̀bùn sínú agbọ̀n, ìlà á ti gùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sójú agbami. Ẹ wọ funfun àti búlúù. Òdòdó ni kí ẹ mú lọ. Bí ẹ bá mú lọ́fínńdà, ẹ dà á, kí ẹ mú ìgò rẹ̀ padà. Ike, dígí àti ìgò ni òkun ń dá padà sí èbúté lọ́jọ́ kejì, àwọn apẹja kò sì fẹ́ ẹ. Kí i pé "Odoyá." Ẹni tó ń wá ìsìn, kó dé ibẹ̀ ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, láti ọ̀sán lọ, bíà, orin àti èrò ló kún títì, mọ́tò kò sì lè wọlé, ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi rìn.

Bí Carnaval bá bá yín níbẹ̀, abadá tí wọ́n ń tà yẹn, ṣẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ìwé ìwọlé sínú okùn ẹgbẹ́ ni, ẹ má sanwó rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé agbádá ni. Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn jù ni Ilê Aiyê, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974: alẹ́ Sátidé, ní Curuzu ní Liberdade, ìyálórìṣà á ṣe ètò ẹnu ọ̀nà, wọ́n á da gúgúrú, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, kí ìlù tó gbéra. Ẹ tún wo Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní 1949. Ìlù ijexá ni wọ́n ń lù. Ará Iléṣà tó bá gbọ́ ọ á dúró.

Káyọ̀dé_SSA

Ní kúkúrú nípa Pelourinho: àwọn obìnrin tó wọ aṣọ baiana tí wọn kò ta nǹkan kan, owó fọ́tò ni iṣẹ́ wọn. Ẹ béèrè iye kí ẹ tó dúró tì wọ́n. Ẹni tó bá sáré wá so okùn Bonfim, rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ fún oríire, mọ́ yín lọ́wọ́ tó ní ẹ̀bùn ni, owó ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ sọ "não, obrigado," ẹ má dúró. Lóru, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà tí iná wà. Ẹ wọ Museu Afro-Brasileiro ní Terreiro de Jesus lọ wo pákó kédárì 27 tí oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́ òrìṣà sí. Ẹni tó bá wò wọ́n kó tó lọ sí terreiro á dá òrìṣà kọ̀ọ̀kan mọ̀ bí wọ́n bá jáde.

Aláṣọ_Ìsẹ́yìn

Ẹ̀bùn: ẹ má di obì, orógbó, ewé tàbí oúnjẹ sínú ẹrù. Àwọn olùyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn wà ní pápákọ̀ òfuurufú, èso àti ewé tí kò níwèé ni wọ́n ń gbà. Bí obì bá pọn dandan, wọ́n ń tà á ní Feira de São Joaquim, lápá ìsàlẹ̀ ìlú létí omi. Ẹ lọ láàárọ̀. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó rí ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní sabão da costa, òrí tí wọ́n ń pè ní limo da costa, àti ataare, pimenta da costa.

Aṣọ òkè ni ẹ̀bùn tó níyì jù. Pano da costa ni wọ́n ń pè é, ìborùn ni wọ́n fi ń ṣe, wọn kì í rán an. Nítorí náà ẹ má ra ìró àti bùbá tí wọ́n ti rán; ìborùn kan ṣoṣo, funfun tàbí funfun pẹ̀lú búlúù, tó fẹ̀ tó láti ká obìnrin láyà. Fífẹ́lẹ́ ni kí ẹ rà, torí ooru. Ẹ má mú èyí tó ń dán pẹ̀lú okùn ike, wọ́n mọ ìyàtọ̀. Sẹ̀gi àti lágídígba ojúlówó náà á mú inú ìyá ilé dùn gan-an. Ẹ fi lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún tàbí lọ́jọ́ mìíràn, kì í ṣe láàárín xirê.

Alfa_Ìlọrin

Mùsùlùmí ni mí, mo ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó kan tiwa?

Olùkọ́_Nàgó

Ó wà, Alfa. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní malê, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, pẹ̀lú àwọn Haúsá, dìde sí ìjọba ní Salvador nínú oṣù Ààwẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí etíkun Áfíríkà. Lára ìyẹn ni ìran àwọn Àgùdà ti pọ̀ sí i. Ìjọ mùsùlùmí àtijọ́ yẹn kò tẹ̀síwájú, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ ó bá arọ́mọdọ́mọ tó ń kírun bí ti ilé. Mọ́sálásí òde òní wà nínú ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò láti Áfíríkà sì máa ń wà níbẹ̀ ní Jímọ̀. Ẹ sì máa kíyè sí i pé Jímọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ funfun nínú ìlú náà. Ti Òṣàálá ni wọ́n ń sọ.

Arìnnà_Ìbàdàn

Ẹ ṣé, ẹ kú làálàá. Ó ku ìbéèrè kan. Wọ́n ní tí wọ́n bá gbọ́ pé Yorùbá ni mí, wọ́n lè ní kí n súre fún àwọn, kí n wo nǹkan fún wọn, tàbí kí n sọ bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáa. Báwo ni kí n ṣe dáhùn?

Ẹ̀gbọ́n_Ìtàpàríkà

Wọ́n á bi yín lóòótọ́. Àwọn kan gbà pé gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ Ifá. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé: "Não sou iniciado, vim aprender," ìyẹn, èmi kì í ṣe awo, mo wá kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Obìnrin á ní "iniciada." Ẹ má ṣe díbọ́n. Àwọn tó ti ilé lọ tí wọ́n fi orúkọ Yorùbá gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí ti ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá ilé kan kì í fi tètè ṣí ilẹ̀kùn fún wa mọ́. Àní bí ẹ bá jẹ́ babaláwo, ẹẹ́rìndínlógún ni ìyá ilé fi ń wo fún àwọn ọmọ rẹ̀; ẹni tó bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún ọmọ ilé láìsọ fún un ti wọ inú ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn.

Ní ti pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáa, kì í ṣe ẹ̀yin ló máa sọ ọ́. Ilé wọn kò retí ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ wa. Martiniano Eliseu do Bonfim, tó wà lára àwọn tó gba Mãe Aninha nímọ̀ràn, kàwé l'Ékòó nígbà èwe rẹ̀. Àwọn ará Bahia ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ kí a tó bí bàbá wa. Ní 1983, Mãe Stella àti àwọn ìyálórìṣà mẹ́rin mìíràn kọ̀wé jáde pé àwọn kò gbà pé òrìṣà jẹ́ bákan náà pẹ̀lú àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà. Ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀sìn wọn, àwọn fúnra wọn ló ń yanjú rẹ̀. Obìnrin ló ń darí ọ̀pọ̀ ilé náà, gbogbo òrìṣà sì wà lábẹ́ òrùlé kan, nígbà tó jẹ́ pé nílé, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ má fi ti ìlú yín díwọ̀n rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ìtumọ̀ orin, bí wọ́n bá béèrè. Ẹ sọ pé bí ẹ ṣe gbọ́ ọ nìyí, ẹ má sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ kọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ sí i, Òṣogbo ni tàbí Kétu ni tàbí Ẹdẹ, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá. Kí ẹ sì fi ìwé náà lé ìyá ilé lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ tó béèrè, torí òun ló máa pinnu ẹni tó yẹ kó kà á.